Adájọ́-Má-Jà

Bí a bá ka irú ènìyàn tí ń bẹ láàárín ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a ka onílàjà tí kì í là á tán, tí a ka alágbàsọ tí ó mọ ohun tí ọba jẹ lánàá ju aláṣè ààfin lọ, tí a sì ka ẹni tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí ṣùgbọ́n tí ó ń bú akọ́nimọ̀ọ́gbá pé kò mọ iṣẹ́, a kò tíì kà wọ́n pé bí a kò bá mẹ́nu ba ọkùnrin kan tí ìgbà tiwa yìí bí, tí ilé géèmù sì tọ́ dàgbà. Ẹ ó bá a ní Ìbàdàn, ẹ ó bá a ní Mushin, ẹ ó bá a ní Abẹ́òkúta àti níbikíbi tí wọ́n bá ti gbé tẹlifíṣọ̀n méjì àti PlayStation sínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, tí wọ́n ta kọ́tìnì dúdú sí ẹnu ọ̀nà kí oòrùn má baà pa àwòrán. Orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́ kò kàn wá. Adájọ́-Má-Jà ni èmi ń pè é.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ẹjọ́ ìjà tí kò ṣẹlẹ̀ rí, láàárín àwọn akọni inú géèmù tí obìnrin kankan kò bí, lórí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀. Bí Kratos ará Sparta bá pàdé Dante ọmọ Sparda lójú ọ̀nà tóóró, ta ni yóò yà fún ta? Bí Scorpion bá ju ọ̀kọ̀ olókùn rẹ̀ mọ́ Kazuya Mishima, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ànjọ̀nú ń ṣàn nínú iṣan rẹ̀, ṣé òun ni yóò fa Kazuya ni, tàbí òun gan-an ni wọn yóò fà? Ìbéèrè tí àwọn ọmọdé ń bi ara wọn lójú ọ̀nà ilé-ìwé, tí wọ́n sì ti gbàgbé kí wọ́n tó bọ́ bàtà, ni ọkùnrin yìí gbé karí, tí ó sì fi ṣe iṣẹ́ àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí n kì í díẹ̀ kí n tó bú u: Adájọ́-Má-Jà, ọmọ ajókòó-lórí-bẹ́ǹṣì-wọn-agbára-òrìṣà, ọkùnrin tí kò fọwọ́ kan idà, tí ó mọ ibi tí idà mú dé, òjò ẹnu tí ń rọ̀ lé ẹlẹ́jọ́ méjì lórí, tí aṣọ ìkankan nínú wọn kò tutù. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni òṣìkà ènìyàn. A kò lè ka ẹ̀ṣẹ̀ yìí sí i lọ́rùn, nítorí kò gbọ́ ti ẹnì kan, kò sì gbọ́ ti ẹnìkejì.

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kì í lù kí ó má tíì jókòó sí igun bẹ́ǹṣì tí ó kángun sí fáànù. Á na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, á gbé fóònù tí ojú rẹ̀ ti sán lé orúnkún, nítorí inú rẹ̀ ni ó kó àwọn àwòrán ẹ̀rí pamọ́ sí, á sì di píọ̀ wọ́tà kan mú tí kò ní já títí ọ̀rọ̀ yóò fi gbóná. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kì í wo ojú rẹ̀, píọ̀ wọ́tà náà ni wọ́n ń wò: bí ó bá ti gbé e sẹ́nu, tí ó fi eyín gé etí rẹ̀ kan, tí ó sì fún un mu lẹ́ẹ̀kan péré, ìdájọ́ ti dé nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá a lẹ́nu mọ́.

Kí a má purọ́ mọ́ ọkùnrin náà: ó mọ̀ràn. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ ìtàn Kratos, ẹni tí ó yà wá ra káàdì fóònù á gbàgbé ohun tí ó wá rà. Á ní ní ọdún 2005 ni ọkùnrin apárí náà kọ́kọ́ yọ lórí PlayStation 2. Á ní ọ̀gágun Sparta ni, àti pé nígbà tí ọ̀tá fẹ́ pa á lójú ogun ni ó fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà fún Ares, òrìṣà ogun àwọn ará Gíríìsì, tí Ares fún un ní idà méjì tí a fi ẹ̀wọ̀n rọ̀ mọ́ ọn lápá, tí ó sì tàn án títí ó fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí eérú òkú wọn lẹ̀ mọ́ ọn lára tí kò ṣeé fọ̀ mọ́, èyí tí ó mú kí àwọ̀ rẹ̀ funfun báyẹn. Á sọ bí ó ṣe pa Ares. Á wá kan ọdún 2010, nígbà tí eré kẹta jáde, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á sì máa ka òkú: Poseidon, Hades, Helios tí ó fi ọwọ́ lásán fa orí rẹ̀ já, Hermes tí ó gé lẹ́sẹ̀, Hercules, títí tí ó fi kan Zeus tí í ṣe bàbá tí ó bí i.

Ní ọjọ́ kan tí ó ń ka òkú wọ̀nyí, bàbá arúgbó kan tí a bí sí ilé olórìṣà wá mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Ó tẹ́tí, ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, nígbà tí ó ti pa òrìṣà ìlú rẹ̀ tán, ta ni wọ́n wá ń bọ kí òjò tó rọ̀?” Adájọ́-Má-Jà dìde, ó tẹríba fún àgbà, ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá. Wọn kò rí ẹni bọ mọ́, sà. Nígbà tí Poseidon kú, òkun ya bo ilẹ̀. Nígbà tí Helios kú, ojú ọ̀run ṣókùnkùn.” Bàbá mi orí, ó ní ẹni tí ó ṣe eré náà mọ nǹkan, ó sì fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ jáde. Nínú gbogbo ẹjọ́ tí mo gbọ́ níbẹ̀, èyí nìkan ni ó parí láìsí awuyewuye.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan Dante, ohùn Adájọ́ á yí padà, nítorí Dante kì í ṣe aláròkàn. Ilé-iṣẹ́ Capcom ní ilẹ̀ Jàpáànù ni ó gbé e jáde ní ọdún 2001 lábẹ́ ọwọ́ Hideki Kamiya, nínú Devil May Cry, eré tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé gẹ́gẹ́ bí apá kan Resident Evil, tí ó sì yàtọ̀ títí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ tirẹ̀. Ànjọ̀nú ni bàbá rẹ̀, ènìyàn ni ìyá rẹ̀, ìbejì ni òun àti Vergil tí wọn kì í fojú rere wo ara wọn; irun rẹ̀ funfun láìdarúgbó, ìbọn méjì wà níkàáwọ́ rẹ̀, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun, wọ́n sì ti fi idà gún un wọnú àyà yọ lẹ́yìn tí ó dìde tí ó tún ń ṣe yẹ̀yẹ́. Eré rẹ̀ kò fẹ́ kí o ṣẹ́gun nìkan, ó fẹ́ kí o fi ẹwà ṣẹ́gun: bí o bá ń lu ọ̀tá ní ọ̀nà kan náà léraléra, lẹ́tà D ni ẹ̀rọ yóò kọ fún ọ, bí o bá ń pààrọ̀ ọwọ́, tí ọ̀tá kò sì rí ọ bà, lẹ́tà á máa gòkè títí yóò fi di S mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ti rí oníjàkadì wa tí ó ń jó sí ìlù kí ó tó gbé ẹnìkejì ṣánlẹ̀ kò ní béèrè lọ́wọ́ mi ohun tí wọ́n rí nínú ìyẹn.

Títí dé ìhín, n kò ní ẹjọ́ bá a rò. Ibi tí ọ̀nà ti wọ́ ni òfin ẹ̀rí rẹ̀. Nínú ilé ẹjọ́ Adájọ́-Má-Jà, ohun tí akọni bá ṣe nínú ìtàn tí ń dá ṣàn fúnra rẹ̀, nígbà tí oníṣeré ti gbé pádì sílẹ̀ tí ó káwọ́ gbera, ni ẹ̀rí; ohun tí ó bá ṣe nígbà tí ọwọ́ ènìyàn wà lórí pádì, asán ni. Kratos fi apá méjì dá ìka Cronos dúró, òmìrán tí ó ti fi ẹ̀yìn pọn odidi tẹ́ḿpìlì rí, nígbà tí ó fẹ́ fún un pa bí iná orí: ẹ̀rí ni, ó wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọkùnrin kan rán an létí pé nínú eré ọdún 2018, tí Kratos ti ṣí lọ sí ilẹ̀ àwọn òrìṣà àríwá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ Atreus, tí ó ti ń fi àáké jà, kò sí bọ́tìnì kankan lórí pádì tí ènìyàn lè tẹ̀ nígbà tí ó bá wù ú kí Kratos fò sókè, àti pé nítorí náà bí Dante bá ti fò, ọ̀rọ̀ bùṣe, Adájọ́ gbé píọ̀ wọ́tà sẹ́nu, ó gé e, ó mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó ní: “Bọ́tìnì ni kò ní. Kì í ṣe pé kò lè fò.” Gbogbo ilé hó yèè. Mo ti ń yẹ gbólóhùn yẹn wò síwá sẹ́yìn láti ọjọ́ náà, n kò sì tíì rí ibi tí a ti lè dì í mú.

Ẹni tí ó bá ti di pádì mú rí mọ̀ pé lọ́wọ́ ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn tí ó ṣe Street Fighter II ní ọdún 1991 kò gbèrò pé kí ẹ̀ṣẹ́ kan máa gun èkejì lẹ́yìn láìjẹ́ kí ọ̀tá mí; ó ṣèèṣì bá wọn nínú iṣẹ́ ni, wọ́n rí i, wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí wọ́n rò pé ó ti le jù fún ẹnikẹ́ni láti máa ṣe é, àwọn ọmọ aráyé sì fi àtàǹpàkò wọn sọ ọ́ di òpómúléró gbogbo eré ìjà tí ó tẹ̀lé e. Nínú Tekken, àwòrán 60 ni ẹ̀rọ ń tò sójú tẹlifíṣọ̀n láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ̀ṣẹ́ kúkurú a sì máa gba bí àwòrán 10 péré kí ó tó débi imú ọ̀tá; kí ojú tó rí i, kí ọpọlọ tó rán ọwọ́ níṣẹ́, ó ti bà ọ́. Nínú Tekken kan náà ni Eddy Gordo wà láti ọdún 1997, ará Bràsíl tí ń ja capoeira, ìjà tí àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ náà: ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè máa tẹ bọ́tìnì wùrùwùrù kí ẹsẹ̀ Eddy sì máa yí lókè yí nílẹ̀ títí ọ̀gá onígéèmù yóò fi ju pádì sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Kò sí ilé géèmù tí a kò ti fi Eddy bú ènìyàn rí.

Ní ọdún 2004, níbi ìdíje eré ìjà Evo ní California, Daigo Umehara ará Jàpáànù ni ó di Ken ti Street Fighter mú, ẹ̀mí Ken sì ti kù fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé bí ó bá tilẹ̀ fi ọwọ́ dí ojú bí gbogbo ènìyàn ti ń ṣe, yóò kú síbẹ̀. Justin Wong tú ẹsẹ̀ Chun-Li sí i, ìkọlù 15 tí ń tẹ̀ lé ara wọn wàràwàrà. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni kí Daigo má sá sẹ́yìn, kí ó máa tari ọ̀pá ìdarí síwájú, sí ibi tí ikú ti ń bọ̀, ní ìṣẹ́jú gan-an tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá fẹ́ bà á. Ó tì í lẹ́ẹ̀kan, ó tì í lẹ́ẹ̀kejì, ó tì í títí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi pé, ó dá tirẹ̀ padà, Chun-Li ṣubú, gbogbo gbọ̀ngàn sì gbiná. Daigo kò tilẹ̀ gba ipò kìn-ín-ní nínú eré náà ní ọdún yẹn, ṣùgbọ́n ta ni ó rántí ìyẹn? Ken kan náà, bí ẹ bá gbé e lé mi lọ́wọ́, òkú ni. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 2019, ni Arslan Ash jáde láti Lahore ní ilẹ̀ Pakistan, ibi tí àwọn ọ̀gá Tekken ní Kòríà àti Jàpáànù kò fojú sí, tí ó gba Evo ti Jàpáànù, tí ó tún gba ti Las Vegas lọ́dún kan náà. Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè ohun tí akọni inú eré rẹ̀ ṣe nínú ìtàn. Nígbà tí mo gbé gbogbo èyí ka iwájú Adájọ́, ó gbọ́ mi tán tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, “Ọwọ́ Daigo lẹ̀ ń sọ, ẹ̀gbọ́n. Agbára Ken la bi yín.”

Ọ̀nà àtiparí ẹjọ́ Kratos àti Dante kúkú wà nílẹ̀ láti ọdún 2012. Ní ọdún náà ni Sony gbé PlayStation All-Stars Battle Royale jáde, nínú èyí tí Kratos wà, tí Dante wà, tí ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè kó wọn lu ara wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ kan tí ó wà ní òdìkejì títì ni ó wá síídì náà rí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wọlé tòun ti téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn, ó ti síídì bọnú PlayStation 3, ó ní, “Bọ̀dá Adájọ́, ẹlẹ́rìí dé o.” Òun mú Dante, ẹlòmíràn mú Kratos. Àwọn tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde dúró. Adájọ́ nìkan ni kò dìde. Dante borí.

Ẹ wá gbọ́ ìdájọ́. Ó ní lọ́nà kìn-ín-ní, Dante yẹn kì í ṣe Dante: òun ni Dante tí Ninja Theory, àwọn ará Ìlú Ọba, tún yá sínú DmC tí ó jáde ní ọdún 2013, irun rẹ̀ dúdú, ẹni tí irun rẹ̀ bá sì dúdú, òun kò mọ̀ ọ́n ní ọmọ Sparda. Ó ní lọ́nà kejì, àwọn tí ó ṣe eré náà ti fi òṣùwọ̀n wọn gbogbo wọn ṣe ọgbọọgba kí ẹni tí ó ra eré má baà sọ pé wọ́n rẹ́ akọni òun jẹ, nítorí náà Kratos tí a rí níbẹ̀, wọ́n ti gbọ̀n ọ́n dànù kí wọ́n tó gbé e wá. Ó ní lọ́nà kẹta, bọ́tìnì kan lórí pádì tí wọ́n fi di Kratos mú máa ń rì. Ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ kò bá a jiyàn. Ó gba pádì tí bọ́tìnì rẹ̀ ń rì, ó fún ẹnìkejì ní èyí tí ó sàn, wọ́n tún un jà. Kratos borí. Adájọ́ na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, ayọ̀ sì wà lójú rẹ̀: “Ẹ rí i fúnra yín! Ẹ̀rí tí ó bá ń yí padà, ẹ̀rí kọ́.” Bákan náà ni ó ti fagi lé Super Smash Bros. Ultimate ní ọdún 2021, nígbà tí wọ́n mú Kazuya wọ ibẹ̀, Kazuya tí bàbá rẹ̀ jù sí ọ̀gbun ní kékeré, tí ó dàgbà tí ó sì ju bàbá náà sí ọ̀gbun, nítorí pé Kirby, tí ó rí róbótó tí kò sì ní ìka lọ́wọ́, lè gbé e mì lódindi.

Ọjọ́ tí ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ mú síídì wá ni mo tó mọ ọkùnrin yìí dáadáa. Mo ti rò pé ìdájọ́ ni ó ń wá; ìdájọ́ gan-an ni ó ń sá fún. Ẹjọ́ tí ó bá parí kì í ní èrò lẹ́yìn mọ́, bí a bá sì ti mọ ẹni tí ó lágbára jù láàárín Kratos àti Dante, ẹni tí ń jókòó létí fáànù á di ẹnì kan tí ń jókòó létí fáànù. Kì í ṣe pé fífi akọni wé akọni jẹ́ ohun àjèjì láàárín wa. Láti ìgbà Ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 ni a ti ń fi Ògèdèǹgbé ti Iléṣà wé Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn. Látòósà kú ní ọdún 1885, wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun kò tú ká pátápátá títí di ọdún 1893, síbẹ̀ bí ẹ bá jókòó ti Ìjẹ̀ṣà kan àti ọmọ Ìbàdàn kan lónìí, ẹ ó rí i pé kò tíì sí ẹni tí ó gbà pé wọ́n lu òun. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí fi opó sílẹ̀, wọ́n fi ahoro sílẹ̀, iyàn wọn ní ẹni tí ó kàn. Ta ni Dante jẹ lówó?

Mo mọ ẹnì kan tí Dante jẹ lówó, ìyẹn ni Ìyá Géèmù, ẹni tí ó ni ṣọ́ọ̀bù. Eré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sanwó fún níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń jà lórí tẹlifíṣọ̀n, owó ń wọlé. Nígbà tí wọ́n bá ń jà lẹ́nu, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, fáànù ń yí, pádì mẹ́rin wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé, àwọn ènìyàn sì kún inú ilé títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti fara dà á pẹ́, nítorí ó rò pé èrò tí Adájọ́ ń fà wá yóò padà di oníbàárà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí NEPA ti múná lọ láti àárọ̀, tí ẹjọ́ Scorpion àti Kazuya sì ti wọ wákàtí kejì, ó ti ẹ̀yìn káńtà jáde pẹ̀lú ìwé gbèsè rẹ̀ lábẹ́ abíyá.

“Ẹ gbọ́ o,” ó ní. “Igba náírà ni eré kan níbí. Láti òní lọ, igba náírà náà ni ẹjọ́ kan. Ọwọ́ ń sanwó, ẹnu náà á sanwó. Epo mi kò mọ èyí tó jẹ́ ìjà gidi.”

Gbogbo ilé pa rọ́rọ́. Ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ wo ilẹ̀ kí ẹ̀rín má baà pa á. Ẹnikẹ́ni kò rí i rí kí Adájọ́-Má-Jà san kọ́bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù náà, kì í gbá pádì mú, kì í sì í jẹ gbèsè, a sì rò pé bẹ́ǹṣì yóò ṣófo láàárín ìdajì wákàtí. Ọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ àpò. Ó mú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tí ó ti rún jáde, ó fi orí ìtan rẹ̀ nà án, ó fi ọwọ́ méjèèjì nawọ́ rẹ̀ sí obìnrin náà.

“Ẹ mú owó ẹjọ́ méjì, Ìyá. Ẹ fún mi ní ọgọ́rùn-ún.”

Ìyá Géèmù yẹ owó wò lójú iná, ó fún un ní ọgọ́rùn-ún, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Adájọ́ yí padà sí àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ní ti Scorpion ti di ọjọ́ mìíràn. Ẹjọ́ tí ó kàn ni ti Ryu àti Ryu, Ryu ti Street Fighter tí ó ń rìn káyé láti ọdún 1987 tòun ti ọwọ́ lásán, àti Ryu Hayabusa ti Ninja Gaiden tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 1988 tòun ti idà dírágónì. Ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ béèrè bí a ó ṣe máa mọ èwo lẹni tí wọ́n ń sọ. Adájọ́ ní ìyẹn ni apá kìn-ín-ní ẹjọ́, ó ní kí gbogbo ènìyàn jókòó, kí wọ́n sì bá òun dín fáànù kù, nítorí ariwo rẹ̀ kò jẹ́ kí òun gbọ́ àwọn ẹlẹ́rìí.